Ẹ Má Fi Ọwọ́ La Ìjà Ajá

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Alajue, nílùú Ẹdẹ. Kì í ṣe ìjà àwọn ọmọ ìta, kì í sì í ṣe ti àwọn olóṣèlú tí etí wa ti mọ́ sí. Ajá méjì ni wọ́n wọ̀yá ìjà níwájú ìyá tó ń dín àkàrà. Ọ̀kan ni ajá ìbílẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bíńgò, ajá ìyá onítélọ̀ kan tí ojúlé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Èkejì ni ajá òyìnbó ńlá kan tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà ilé alájà kan, ajá tí ẹnikẹ́ni kì í rí, àfi kí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn géètì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà ló jáde lọ da ilẹ̀ nù. Kò ti géètì, ajá sì tẹ̀ lé e jáde.

Èmi fúnra mi wà lórí ìlà àkàrà. Ohun tí mo rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n ń kígbe pé, "Bíńgò, má gbà fún un!" Àwọn mìíràn he igi, wọ́n ń lu ajá méjèèjì ní ìdí, ní orí, níbi tí igi bá ṣáà ti bà. Ìyá alákàrà ń pariwo pé kí wọ́n má da epo gbígbóná lé òun lẹ́sẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá onítélọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún péré, sáré jáde láti inú ìsọ̀. Òun ni ó máa ń fún Bíńgò lóúnjẹ, ó sì gbà pé ajá náà kò lè ṣe òun níbi. Ó ki ọwọ́ bọ àárín wọn, ó gbá ajá ọ̀gá rẹ̀ mú ní ọrùn. Bíńgò yíjú padà, ó gé e jẹ, kò sì tètè tú ẹnu. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tí ọmọ náà fi ń di àlùmọ́gàjí mú.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ajá àlejò ni ó gé e jẹ. Ajá tí ó ń bọ́ lójoojúmọ́ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi májèlé sínú ẹran fún Bíńgò, ó sì kú. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹ̀san ọ̀dàlẹ̀ ló ké lórí rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ajá ju ènìyàn lọ. Ohun tí ó tẹ̀yìn ikú ajá náà yọ ni ó ń dùn mí, n ó sì padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yìí. Bí ajá bá ti wọnú ìjà, ara rẹ̀ ti gbóná kọjá ibi tí ó ti lè dá ojú ẹni mọ̀. Ohunkóhun tí ó bá kàn án lára, ọ̀tá ni: ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọwọ́ olówó rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀tá mìíràn ni ó gba ẹ̀yìn yọ sí òun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ alájá fi gba ojú egbò lára ajá tiwọn fúnra wọn, nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀. Igi tí wọ́n sì ń là mọ́ wọn lára kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ìrora a máa mú kí ajá túbọ̀ tẹ eyín mọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó rò pé ajá kejì ni ó ń dun òun bẹ́ẹ̀. Ariwo àwọn èrò ìwòran náà ń fẹ́ iná sí i ni.

Lójú ẹni tí kò kíyè sí i, ìjà ajá dàbí ààrá tó sán láìsí òjò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ajá máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó jà, àwa ni a kì í gbọ́ èdè rẹ̀. Ara rẹ̀ á le gbagidi. Á dúró sójú kan, á tẹjú mọ́ ajá kejì láìṣẹ́jú. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde. Ẹnu tí ó là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á pa dé, lẹ́yìn náà ètè á ká sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ìrù ni ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa pé ajá tó bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ ń dùn. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ìrù tó rọ̀, tó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, tí gbogbo ìdí ajá ń bá a lọ, ìrù ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ìrù tó nà ró sókè, tó le bí ọ̀pá, tó kàn ń gbọ̀n ṣíṣẹ́ṣíṣẹ́ lórí, ìkìlọ̀ nìyẹn. Ìgbà yìí gan-an ni ó yẹ kí a pe ajá wa kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ohùn ọ̀yàyà pè é, tí ẹ yí ẹ̀yìn padà tí ẹ ń lọ, ó sábà máa ń tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa okùn ọrùn rẹ̀ le, ẹ ti sọ fún un pé ewu wà níwájú lóòótọ́.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń jà sí? Oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ, ó sì ní ajá mẹ́ta nígbà tí mo wà lọ́mọdé. N kò rí i kí ó ju egungun kan ṣoṣo sáàárín wọn rí. Igun mẹ́ta ni abọ́ mẹ́ta máa ń wà, òun náà á sì dúró tì wọ́n títí wọn ó fi jẹun tán. Bí ọmọdé bá fẹ́ kọjá láàárín wọn, ìgbájú ni. Lónìí, a ó jẹ ẹran ọdún tán, a ó ju egungun sí ìta, a ó máa wo bí àwọn ajá ṣe ń jìjàdù rẹ̀, a ó máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ abo. Ní bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni abo ajá tí a kò fi oyún sí máa ń wá akọ, ó sì lè wà ní ipò náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo akọ àdúgbò ni yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ wo ìta gbangba ní àsìkò bẹ́ẹ̀: ajá márùn-ún, mẹ́fà á tò lẹ́yìn abo kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á sì máa gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò fẹ́ sin ọmọ ajá, kí ó jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ akọ rẹ̀ lọ́dàá, kí ó sì jẹ́ kí ó yọ ilé ọmọ abo rẹ̀. Kò mú gbogbo ìjà kúrò, ṣùgbọ́n ó mú èyí kúrò.

Ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún àwọn kan pé abo méjì nínú ilé kan náà lè jà ju akọ méjì lọ, kí ó sì ṣòro láti parí ìjà wọn. Ohun mìíràn tí mo ti fojú ara mi rí ni ti àwọn ajá méjì tó wà nínú ọgbà kan. Ajá àlejò ń kọjá lóde. Wọ́n gbó títí, wọn kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá kọjú sí ara wọn, ìjà dé. Ṣé ẹ̀yin kò rí i kí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bú níbi iṣẹ́ dé ilé kí ó máa bá ìyàwó jà rí?

Ibi tí mo ń lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ajá géètì wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ ààbò ti di ohun tí kálukú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ní ilẹ̀ wa, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó ra ajá. Ṣùgbọ́n irú ajá wo ni à ń rà, báwo ni a sì ṣe ń sìn ín? A ó ra ọmọ Alsatian tàbí Rottweiler tàbí Boerboel, a ó dè é mọ́ ìdí igi máńgòrò láti òwúrọ̀ dé alẹ́, okùn rẹ̀ kò ní ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Kò ní rí ajá mìíràn. Kò ní rí ènìyàn bí kò ṣe ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Àwọn onímọ̀ sọ pé láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tí a bí ọmọ ajá ni ó máa ń kọ́ bí a ti í bá ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ènìyàn gbé. Àsìkò yẹn gan-an ni tiwa máa ń wà lórí ṣéènì, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé ajá tó bá mọ èrò kò ní rorò mọ́. Ọjọ́ tí géètì bá ṣí sílẹ̀, irú ajá bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun mìíràn ju kí ó kọ lu ohun tó bá rí. Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kí ó ṣọ́ ojúlé méjì. Àwa fẹ́ kí tiwa ṣọ́ gbogbo Alajue.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé láti ọdún 1991 ni òfin lórí ajá tó léwu ti wà níbẹ̀, àti pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ní England àti Wales kí ènìyàn ní ajá XL Bully láìní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ fi ìdènu sí ajá rẹ̀ lẹ́nu, kí ó sì fi okùn mú un bí ó bá gbé e jáde. Àwọn kan gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀yà ajá kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, olówó ajá ni. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́ka sí olówó ajá, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹnu ajá tó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnu Bíńgò. Ní tiwa, abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ̀rọ̀ lórí ìwà ìkà sí ẹranko. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Àádọ́ta náírà! Owó yẹn kò ra àkàrà tí yóò yó ọmọ ọwọ́ ní ìdí agbada tí ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ki ajá wọn mọ́ ajá ẹlòmíràn nítorí fídíò mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò mú àwọn.

Ó ku bí a ti í la ìjà ọ̀hún. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ rántí pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé ibi orí àti ọrùn ajá tó ń jà. Omi ni ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí: korobá omi kan, kí a dà á lù wọ́n lójú àti nímú lójijì, tàbí kí a fi rọ́bà omi fọ́n wọn, ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ìjà. Bí kò bá sí omi, ariwo òjijì tí kì í ṣe ti ẹnu ènìyàn lè ṣe é: ẹ gbá ọmọrí ìkòkò méjì pọ̀, ẹ lu páànù, ẹ tẹ fèrè ọkọ̀. Ẹ lè ju aṣọ tó nípọn lé wọn lórí, kúbùsù tàbí àpò ìdọ̀họ, nítorí ajá tí kò ríran mọ́ a máa dẹwọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tí a lè kì bọ àárín wọn láìfi ara wa sí i, bí i pákó fífẹ̀, àga oníke, ilẹ̀kùn àlòkù, kódà báàfù ńlá. Bí wọ́n bá ti pàdánù ojú ara wọn, ẹ máa fi nǹkan náà ti ọ̀kan lọ sẹ́yìn títí yóò fi wọlé, kí ẹ sì tìlẹ̀kùn.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ènìyàn méjì tó dàgbà, tí ara wọn le, lè ṣe é papọ̀, ẹnì kan fún ajá kan. Wọn ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ajá, ní òkè ibi itan, wọn ó gbé e sókè bí ẹni tó gbé ọwọ́ bárò, wọn ó sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fà á lọ tààrà. Ẹ máa rìn bí ẹni ń yí òbìrí, kí iwájú ajá má bàa rí àyè yíjú padà sí yín. Ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ àfi tí ilẹ̀kùn bá ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dán èyí wò, nítorí bí ó bá di ọ̀kan mú, ó ti so ó mọ́lẹ̀ fún èkejì láti pa jẹ nìyẹn. Bákan náà, bí ọ̀kan bá ti fi eyín gbá èkejì mú, ẹ má fà wọ́n ya, ẹran ara ni yóò fà ya. Ẹ dì wọ́n mú kí wọ́n má lè gbọn ara wọn, kí ẹ dúró de ìgbà tí yóò tú ẹnu láti tún un gbá mú, ìgbà yẹn ni kí ẹ yà wọ́n. Ìtàn tí wọ́n máa ń pa pé egungun párì àwọn ajá kan ní kọ́kọ́rọ́ tó ń tì í pa, irọ́ ni. Kò sí ajá tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ sí nítòsí nígbà tí a bá ń ṣe gbogbo èyí.

Lẹ́yìn tí ìjà bá parí, ẹ má ní kí wọ́n wá bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí ara wọn ó fi rọlẹ̀, ó kéré tán, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ wo ara wọn dáadáa, nítorí ihò eyín ajá a máa kéré lójú, kí ó sì jìn nínú. Tábà, epo ọkọ̀ àti ata kì í ṣe oògùn rẹ̀. Dókítà ẹran ni.

Ní báyìí, mo ti padà dé ibi ikú Bíńgò. Ilé kẹ́míìsì ni wọ́n gbé ọmọ kọ́ṣẹ́ náà lọ ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n da nǹkan pupa sí ojú egbò, wọ́n dì í, wọ́n gba owó. Ní ọjọ́ kẹrin tí ọwọ́ náà wú, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìbéèrè kejì tí dókítà bi wọ́n ni pé, "Ajá náà ńkọ́?" Wọ́n ní àwọn ti pa á. Wọ́n rò pé ìròyìn ayọ̀ ni àwọn mú wá.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ohun tí ó tọ́ ni kí a dè é tàbí kí a tì í mọ́lé, kí a fún un lóúnjẹ àti omi, kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, a jẹ́ pé kò sí àrùn dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó géni jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ṣùgbọ́n a kì í dúró de ọjọ́ mẹ́wàá náà kí a tó tọ́jú ènìyàn. Lójú ẹsẹ̀ ni kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a má kánjú, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, ajá ni ó sì ń kó o ran iye tó tó 99 nínú 100 wọn. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ti pa Bíńgò, nítorí náà kò sí ohun tí a lè ṣọ́. Wọ́n ti sin ín, kò sí ẹni tó lè gé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibùdó ìwádìí ìlera ẹranko tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, fún àyẹ̀wò. Ọmọ náà ní láti gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé. Ìyá rẹ̀, tó ń ta gàrí, ta ìwọ̀n gàrí tó yẹ kí ó fi ra òmíràn, owó náà lọ sí ìdí abẹ́rẹ́. Ìyá onítélọ̀ san díẹ̀. Ilé alájà tí géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò san kọ́bọ̀, wọ́n ní kì í ṣe ajá àwọn ló géni jẹ.

Mo bi wọ́n bóyá Bíńgò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. Gbogbo wọn wo ojú mi bí ẹni pé mo bi wọ́n bóyá ó lọ ilé ìwé. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́ yìí, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà rìn láàárín wọn mọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ àrùn dìgbòlugi lágbàáyé. Kí ló dé tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tó wà ní Ẹdẹ kò lè lo ọjọ́ yẹn, lọ́dọọdún, láti fi fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjà Tìmì àti ní àwọn àdúgbò bí i tiwa? Kí ló dé tí wọn kò lè forúkọ àwọn ajá géètì sílẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí a ó kàn lára bí ajá bá jáde? A ń san owó lórí ìsọ̀, lórí pátákó, lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ajá tó lè gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ní ìwé kankan.

Ọmọ náà ti padà sí ẹnu iṣẹ́. Ìka méjì lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká dáadáa, ó sì ń kọ́ bí yóò ṣe máa fi òsì gé aṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ń gbìyànjú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo kan ilẹ̀kùn ilé alájà náà. Ọkùnrin tó ni ilé gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti pe wẹ́dà, yóò wá tún ìdè géètì náà ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Lónìí, ọjọ́ Sátidé, mo kọjá lọ ra àkàrà. Okùn ni wọ́n ṣì fi so géètì náà.